Láti Ìwé A-B-D dé Aláwìíyé: Ìtàn Yíyan Ìwé Yorùbá fún Ọmọ Ẹlédèméjì

Ìfáárà

Bí òbí bá wọ ilé ìtàwé láti ra ìwé Yorùbá fún ọmọ tí ó ń sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀, ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń wò: iye owó ìwé náà, àwòrán inú rẹ̀, àti bóyá ó wà lára ìwé tí ilé-ìwé kọ fún un. Kì í sábà béèrè irú ọmọ tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ìbéèrè yìí gan-an ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Èrò wa ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwé-ìkàwé Yorùbá tí a jogún ni a kọ fún ọmọ tí ó ti gbọ́ Yorùbá yékéyéké nílé kí ó tó mọ̀wé rárá. Ohun tí ó kù fún ilé-ìwé ni láti kọ́ ọ bí a ṣe ń kà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹlédèméjì tí ó ń dàgbà ní ìlú ńlá lóde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ àtijọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá wọn. Bí a kò bá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, ìwé tí bàbá fi mọ̀wé kà lè sú ọmọ pátápátá.

Ìwé Àwọn Ajíhìnrere

Ní ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde. Ìwé àkọ́kà Yorùbá tẹ̀ lé e ní ọdún 1849, ìtumọ̀ àwọn ìwé inú Bíbélì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ìwé wọ̀nyí kò fara sin: kí onígbàgbọ́ tuntun lè ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Àgbà àti ọmọdé jọ jókòó ti ìwé kan náà ni. Nígbà tí David Hinderer túmọ̀ ìtàn èrò mímọ́ tí John Bunyan kọ sí Yorùbá, kì í ṣe ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó ń rò. Bí ọmọdé bá gbádùn rẹ̀, èèṣì ni.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ yìn nínú ètò náà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń kà nínú ìwé ni wọ́n ń kọ lórin, tí wọ́n ń kà sókè nínú ìsìn, tí ìyá rẹ̀ sì ń tún sọ nílé. Etí ti gbọ́ kí ojú tó rí i. Ọmọ náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi àmì ohùn sọ fún un bí a ó ṣe pe ọ̀rọ̀, nítorí pé ohùn náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ilé ni a kúkú ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́ mú kí ìlànà ìkọ̀wé wà ní ìṣọ̀kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń jáde láìsí àmì ohùn tàbí pẹ̀lú díẹ̀ péré, kò sì pa òǹkàwé ìgbà náà lára púpọ̀.

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta kí kíkàwé lè mọ́ àwọn Ẹ̀gbá lára. Láti ọdún 1860 ni Gẹ̀ẹ́sì ti wọ inú rẹ̀. Ohun kíkà ẹlédèméjì kì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa nígbà náà.

Ìjọba ni kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òfin ètò-ẹ̀kọ́ ọdún 1882, tí ó kan Èkó àti Gold Coast, ka Gẹ̀ẹ́sì sí nínú ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ fún ilé-ìwé, kò ka èdè ìbílẹ̀ sí. Ìwé tí kò mú owó wọlé kì í pẹ́ di ìwé tí a ń fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Láti ìgbà náà ni ìwé Yorùbá ti ń di àtẹ̀gùn: kí ọmọ gùn ún dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì wà, kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé àlàyé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní ọdún 1925 lórí ètò-ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà sọ pé kí a máa lo èdè ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí ojú àtẹ̀gùn náà padà.

Ọdúnjọ àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọmọdé ṣe ìpìlẹ̀ ìwé, lójú tiwa, ni Joseph Fọlahàn Ọdúnjọ. Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1904. Olùkọ́ ni, kí ó tó di mínísítà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ọwọ́ olùkọ́ sì hàn nínú Aláwìíyé. Ìwé náà ń dàgbà bí ọmọ ti ń dàgbà. Àwọn gbólóhùn rẹ̀ kúrú ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gùn bí kíláàsì ti ń ga. Ayé tí ọmọ mọ̀ ni ayé inú rẹ̀: oko, ọjà, ẹbí, ẹranko, iṣẹ́ ọwọ́. Ewì inú rẹ̀ sì wà lẹ́nu àgbàlagbà títí di òní. Ẹni tí ó ti gbàgbé gbogbo ìṣirò tí ó kọ́ ní kíláàsì kẹrin ṣì lè ka "Iṣẹ́ ni Oògùn Ìṣẹ́" láìwo ìwé. Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí D. O. Fágúnwà àti L. J. Lewis jọ kọ, gba ọ̀nà kan náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, irú ìwé báyìí ni ogunlọ́gọ̀ ọmọ fi mọ̀wé kà.

Kí a má sì ṣàṣìṣe: ọmọ tí Ọdúnjọ ń bá sọ̀rọ̀ ti gbọ́ Yorùbá. Bí ó bá kọ "ọkọ́" sínú ìwé, ọmọ náà ti rí i léjìká bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ Ọdúnjọ ni láti fi ojú ìwé hàn án ní ohun tí ó ti mọ̀, iṣẹ́ yìí ni ó sì ṣe dáadáa. Fún ọmọ tí kò rí ọkọ́ rí, tí ó sì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ di alẹ́, ojú ìwé kan náà di ibi tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti ṣàjèjì nínú gbólóhùn kan. Ìwé kò yí padà. Ọmọ ni ó yí padà.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún dá kún un. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1966 jábọ̀ ní 1969, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní ọdún 1974. "Aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn", "nwọn" di "wọ́n", "yio" di "yóò". Wọ́n tún àwọn ìwé kan tẹ̀ ní ìlànà tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀dà àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí ìwé ọ̀pọ̀ ìdílé. Ìfẹ́ tí òbí ní sí ẹ̀dà tí òun fúnra rẹ̀ kà yé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń kọ́ Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò yẹ ní ẹni tí a ń fi "nwọn" lọ́jọ́ Ajé, kí a tó fi "wọ́n" lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀kọ́ tí a Rí Kọ́ ní Ifẹ̀

Ní ọdún 1970 ni Fásitì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ṣe ìrànwọ́ owó. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ kíláàsì tí wọ́n ń dán wò ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Olùkọ́ tí a dìídì kọ́ fún un ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Àwọn tí a fi wọ́n wé lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìròyìn tí àwọn aṣèwádìí náà fi síta, àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ kankan, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.

Èsì ìdánwò yìí ni gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni pé kí ìwádìí náà tó lè gbéra, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó kọ. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ìṣirò ní Yorùbá tí ọmọ kíláàsì karùn-ún lè lò, nítorí pé àtẹ̀gùn náà ti parí ní kíláàsì kẹta. Wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀-ìperí, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n sì tún un kọ bí olùkọ́ bá ní kò yé ọmọ. Tiwa ni pé ìwé wọ̀nyí ṣe pàtàkì tó èsì ìdánwò náà. Ìgbà yẹn ni ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ rí ìwé èdè rẹ̀ tí ó bá a dàgbà dé kíláàsì kẹfà nínú ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ èdè tàbí ẹ̀sìn.

Ètò-ìmúlò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fi èdè abínibí sí ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó gba ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò-ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni. A kò ní í fa àríyànjiyàn náà gùn níhìn-ín. Ohun tí ó kan iṣẹ́ yìí ni pé ẹrù yíyan ìwé Yorùbá ti padà sórí òbí àti olùkọ́ Yorùbá, láìsí ètò ìjọba lẹ́yìn wọn.

Ìwé tí ó Yẹ Ọmọ Òde Òní

Àmì ohùn ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọmọ tí ó ní Yorùbá lẹ́nu lè mọ̀ láti inú gbólóhùn bóyá "igba", "igbá", "ìgbà" tàbí "igbà" ni òǹkọ̀wé ń sọ. Ọmọ tí èdè náà kò tíì jinlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n; yóò méfò, àṣìpè rẹ̀ yóò sì mọ́ ọn lára. Ìwé aláwòrán mèremère tí kò ní àmì ohùn kò wúlò fún un tó ìwé pẹlẹbẹ tí ó ní in. Kí òbí ṣí ìwé náà nínú ilé ìtàwé, kí ó wo ojú ewé méjì péré. Yóò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ó le jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan lè máa ka ìtàn gígùn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí Yorùbá rẹ̀ má ju ti ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Nítorí èyí, a ó gbé ìwé lé e lọ́wọ́ tí ó ń sọ fún un pé ajá nìyí, bàtà nìyẹn. Ọmọ náà mọ̀ pé ọgbọ́n òun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtìjú ni yóò fi máa wo ìwé náà, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi ka Yorùbá fúnra rẹ̀ sí èdè ọmọ ọwọ́. Ìtàn tí ó tó o lọ́gbọ́n ni kí a wá, kí àgbà sì gbé èdè rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kúyẹ̀ tí Ọdúnjọ kọ, tí ó jẹ́ ìtàn ọmọ aláìlóbìí, lè mú ọmọ báyìí lọ́kàn bí a bá ń kà á fún un díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Ti Fágúnwà nílò sùúrù: gbólóhùn rẹ̀ gùn, òwe rẹ̀ pọ̀, ó sì yẹ kí etí ti mọ́ adùn rẹ̀ kí a tó ní kí ọmọ dá kà á.

Ìwé tí ó kọ Yorùbá sí apá kan, Gẹ̀ẹ́sì sí apá kejì, ti wọ́pọ̀ nísinsìnyí, pàápàá láàárín àwọn Yorùbá tí ó wà ní ìlú òyìnbó. Ó ń ran òbí tí kò mọ Yorùbá kà dáadáa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ a máa sáré sí apá tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí a fi páálí bo apá Gẹ̀ẹ́sì títí a ó fi ka ti Yorùbá tán. Púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni a sì túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, tí ìró Yorùbá inú rẹ̀ kò sì dùn létí. Kí òbí kà á sókè fún ara rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Bí ó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni owó òbí ká, àkójọ àlọ́ ìjàpá, irú èyí tí Adébóyè Babalọlá ṣe, ni a ó gbà á nímọ̀ràn. Ọmọ lè má gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú àlọ́, ṣùgbọ́n orin inú rẹ̀ kò ní ègbè tí ó ṣòro. Yóò gbe é ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ní alẹ́ kejì, yóò béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ sí. Bí a bá ka àlọ́ kan náà fún un lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá orin náà, a ó sì máa gbe ègbè lẹ́yìn rẹ̀.