Láti ọ̀dọ̀ Caxton dé Ṣómólú: Ìtàn àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó tẹ ìwé wọn

Ẹni tó bá gba òpópónà Bajulaiye kọjá ní Ṣómólú ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó dé fún un. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg ń dún, jẹnẹrétọ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀, ẹ̀rọ ìgéwèé ń ré etí bébà. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ètò ìsìn òkú, ìwé àdúrà, ìwé ìtàn: díẹ̀ ni ohun tí a ń fi tàdáwà kọ sára bébà tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá rìn síwájú díẹ̀, a ó bọ́ sí Bàríga, níbi tí CMS Grammar School wà, ilé-ìwé girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Èkó ní ìtàn lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sáà-sáà: sáà Chaucer, sáà Shakespeare, sáà Milton, sáà Dickens, títí dé ọ̀rúndún ogún. Wọ́n ń há orúkọ àti ọdún sórí bí ẹni ń ki oríkì ọba. Ohun tí a kì í sábà fi kún un ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ì bá ti di ìgbàgbé bí kò bá sí àwọn òǹtẹ̀wé, pé àwọn òǹtẹ̀wé kan náà ló sì rẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ. Bí a bá jókòó sí Ṣómólú ka ìtàn yìí, ojú mìíràn ni yóò yọ sí wa.

Geoffrey Chaucer, tó kú ní ọdún 1400, kì í ṣe akéwì tí ń jẹun lórí ewì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Ó ti ṣe alábòójútó owó-bodè ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù rí. Ní ayé tirẹ̀, èdè Faransé ni èdè àwọn ọlọ́lá, Látìn ni ti ìjọ àti ti àwọn ọ̀mọ̀wé, ojú èdè mẹ̀kúnnù ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń wo Gẹ̀ẹ́sì. Èdè mẹ̀kúnnù yìí ni Chaucer fi kọ The Canterbury Tales. Ó yẹ kí àwọn tó ń sọ pé Yorùbá kò tó èdè tí a fi ń kọ ìwé gidi rò ó wò díẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń da gbogbo rẹ̀ kọ, adàkọ tí oorun bá sì gbé lọ á fo ìlà láìmọ̀.

Ọdún 1476 ni William Caxton, oníṣòwò tó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní ìlú Cologne nílẹ̀ Jámánì, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ ní Westminster. The Canterbury Tales wà lára àwọn ìwé ńlá tó kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tó yá, oníbàárà kan wá bá a pé ohun tó tẹ̀ kò bá ohun tí Chaucer kọ mu, pé ẹ̀dà tó péye wà lọ́wọ́ bàbá òun. Caxton kò bá a jà. Ó gba ẹ̀dà náà, ó tún ìwé náà tẹ̀, ó sì kọ ìtàn ẹ̀sùn náà síwájú ẹ̀dà kejì kí gbogbo ayé lè kà á. Òǹtẹ̀wé Ṣómólú èyíkéyìí tí wọ́n ti da ẹgbẹ̀rún kàlẹ́ńdà padà fún rí nítorí pé wọ́n ṣi orúkọ bàbá ìjọ kọ yóò mọ irú ọjọ́ tí Caxton rí.

Ti Shakespeare tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó kú ní ọdún 1616, nǹkan bí ìdajì eré rẹ̀ ni kò tíì di ìwé títẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì nínú òṣèré, John Heminges àti Henry Condell, ló kó wọn jọ, tí wọ́n sì gbé wọn jáde ní ọdún 1623. Eré 36 ló wà nínú ìwé ńlá náà, 18 nínú wọn ni wọn kò sì tẹ̀ rí. Macbeth wà nínú wọn, Julius Caesar wà níbẹ̀, The Tempest àti The Winter's Tale náà wà níbẹ̀. Bí ìwé yẹn kò bá jáde, ó ṣeé ṣe kí àwọn eré wọ̀nyí ti parẹ́ bí ẹ̀fúùfù.

Ta wá ni òǹtẹ̀wé náà? William Jaggard ni, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Isaac. Jaggard yìí kan náà ló tẹ ìwé ewì kékeré kan ní ọdún 1599, tó kọ orúkọ Shakespeare sí iwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ márùn-ún péré nínú 20 ewì tó wà nínú rẹ̀ ni ó dájú pé Shakespeare ló kọ wọ́n. Ó fi orúkọ olórúkọ tajà. Nígbà tó fi máa tẹ ìwé ńlá ti ọdún 1623, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sì kú ní ọdún náà gan-an, nígbà tí iṣẹ́ náà ń parí lọ. Ẹni tí a lè pè ní ayédèrú òǹtẹ̀wé lánàá ni ó gba ìdajì iṣẹ́ Shakespeare sílẹ̀ lónìí. Ìtàn kì í fi ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

John Milton ní tirẹ̀ bá ìjọba fà á. Ní ọdún 1644, ó kọ Areopagitica láti tako òfin tó ní kí ìwé kankan má jáde láìgba àṣẹ. Ojú rẹ̀ fọ́ pátápátá ní ọdún 1652, àpèkọ ló sì fi ṣe Paradise Lost. Nígbà tí ìwé náà jáde ní ọdún 1667, pọ́n-ùn 5 ni òǹtẹ̀wé Samuel Simmons san fún un, ó sì san pọ́n-ùn 5 mìíràn lẹ́yìn tí ẹ̀dà àkọ́kọ́ tà tán. Lẹ́yìn ikú Milton, ìyàwó rẹ̀ gba pọ́n-ùn 8, ó sì yọwọ́ nínú gbogbo ẹ̀tọ́ tó kù. Pọ́n-ùn 18 ni gbogbo owó tí ìdílé náà rí gbà lórí ewì tí ọ̀pọ̀ kà sí èyí tó ga jù lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

John Bunyan, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ń tún ìkòkò ṣe, ṣẹ̀wọ̀n ọdún 12 nítorí ìwàásù, kí The Pilgrim's Progress tó jáde ní ọdún 1678. Ìwé yìí ló tètè dé ọ̀dọ̀ Yorùbá jù. David Hinderer, míṣọ́nnárì tó gbé Ìbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé òjìji Bunyan wà nínú ìrìn-àjò àwọn ọdẹ D. O. Fágúnwà, ẹni tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Ṣùgbọ́n igbó Fágúnwà kì í ṣe ti Bunyan. Ẹni tó bá sọ pé àwòkọ lásán ni kò tíì ka ìkankan nínú méjèèjì dáadáa.

Ọdún 1710 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà pé òǹkọ̀wé ló ni ohun tó kọ: ọdún 14, àti ọdún 14 mìíràn bí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láàyè. Sáà ìtàn-àròsọ ló tẹ̀lé e. Samuel Richardson, tó kọ Pamela ní ọdún 1740, òǹtẹ̀wé ni fúnra rẹ̀. Lẹ́tà ni ó fi gbé ìtàn náà kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ọdún 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n. Àwọn méjèèjì ni òǹkọ̀wé tó ni ọ̀nà tí yóò fi gbé ìwé rẹ̀ jáde, tí kò nílò láti dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí rèé tí wọ́n fi lè dán ohun tí ẹnìkan kò tíì ṣe wò.

Ibi tí Bàríga ti wọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa ni orúkọ Macaulay. Thomas Babington Macaulay, òpìtàn àti akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìde ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù kejì ọdún 1841 láti tako àbá pé kí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé máa wà títí di 60 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Akéwì àgbà Wordsworth wà lára àwọn tó fẹ́ àbá náà. Macaulay gbà pé ó tọ́ kí òǹkọ̀wé jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí òfin bá ti le jù, tí ìwé sì wọ́n jù, ará ìlú yóò gbè sẹ́yìn àwọn tó ń jí ìwé tẹ̀, ojú kò sì ní í ti ẹnikẹ́ni mọ́ láti rà á lọ́wọ́ wọn.

Ọmọ Yorùbá kan náà wà tó ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay. Sàró ni, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú lọ sí Sierra Leone, ilẹ̀ tí Zachary Macaulay, bàbá òpìtàn náà, ti ṣe gómìnà rí. Ó fẹ́ Abigail, ọmọ Samuel Àjàyí Crowther. Herbert Macaulay ni ọmọ wọn. Òun ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1859 pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ní òpin oṣù náà ni Macaulay ti Lọ́ńdọ̀nù kú. Ọdún yẹn náà ni Charles Dickens ń gbé A Tale of Two Cities jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn náà, ní ọdún 1959, ni ilé-ìwé náà kó lọ sí Bàríga.

Dickens mọ ọ̀rọ̀ àwọn ajíwèétẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1842, wọ́n fi ìlù àti àsè pàdé rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ pé àwọn òǹtẹ̀wé wọn ń tẹ ìwé òun láìsan kọ́bọ̀, ìwé ìròyìn wọn yí padà sí i. Ọdún 1891 ni Amẹ́ríkà tó fi òfin dáàbò bo àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè. Ó dára kí a rántí èyí nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni láti òkè òkun bá ń sọ̀rọ̀ Èkó bí ẹni pé níbí ni wọ́n ti dá ìwé jíjí sílẹ̀.

Ọ̀rúndún ogún kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Virginia Woolf àti ọkọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré ní ọdún 1917, wọ́n gbé e sínú yàrá ìjẹun wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi to lẹ́tà The Waste Land ti T. S. Eliot nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1923. Eliot wà lára àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Faber nígbà tí wọ́n gba ìwé The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutùọlá jáde ní ọdún 1952. Ní Akoka, tó fara kan Bàríga, Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ọdún 1968 ni ìtumọ̀ tí Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì tó wá kọ́ wa ni a ti fi ń kọ́ ayé báyìí.

Lónìí, ẹjọ́ ti ọdún 1841 ti dé Ṣómólú. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, dá ẹ̀tọ́ náà sí 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ó sì fi ìyà tó le sí i fún ẹni tó bá jí ìwé tẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé tó fi ọdún mẹ́ta kọ ìwé, tó wá rí ayédèrú rẹ̀ lójú títì kí tirẹ̀ tó kúrò ní ilé ìkóǹkanpamọ́, kì í ṣe ẹni tí a ó máa ka ìkìlọ̀ Macaulay fún. Síbẹ̀ ìkìlọ̀ náà ṣì dúró, nítorí òbí tí owó ìwé ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀ kì í béèrè ẹni tó tẹ ìwé. Iye tí wọ́n ń tà á ló ń béèrè. Àwọn òǹtẹ̀wé tó pọ̀ jù níbẹ̀ sì ń ṣe iṣẹ́ òtítọ́, àwọn ni orúkọ búburú ìwọ̀nba díẹ̀ ń bá.

Ohun tí wọ́n lè tẹ̀ láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni kò kéré. Ìwé Fágúnwà, tó kú ní ọdún 1963, wà lábẹ́ ààbò òfin títí di ìparí ọdún 2033. Ti Tutùọlá di ìparí ọdún 2067. Ṣùgbọ́n Chaucer, Shakespeare, Milton, Bunyan àti Dickens ti di ti gbogbo ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, ẹgbẹ́ òṣèré Renegade láti Èkó, tí Wọlé Oguntokun darí, gbé The Winter's Tale lọ sí Globe ní Lọ́ńdọ̀nù ní èdè Yorùbá, wọ́n pè é ní Ìtàn Ògìnìntìn, Ṣàngó, Ògún àti Ọya sì wà nínú rẹ̀. Eré yẹn wà lára àwọn 18 tí Jaggard afọ́jú gbà sílẹ̀. Òǹtẹ̀wé kan ní Bajulaiye lè gba olùtúmọ̀ kan síṣẹ́ lọ́la, kí ó tẹ Macbeth tó ní Yorùbá lójú ewé kan àti Gẹ̀ẹ́sì lójú èkejì, kí ó tà á fún àwọn ọmọ ilé-ìwé Bàríga ní iye tí òbí wọn lè san. Pléètì wà, bébà wà, òfin kò sì dí i lọ́nà.