Mọ́tò Tó Ń Tiro: Ta Ló Sọ Fún Wa Pé Ṣọ́ọ̀kì Ló Ń Gbé Mọ́tò Dúró?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì yìí gùn díẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tòkunbọ̀, tàbí ẹ ṣì ń tu owó jọ láti ra ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra ṣọ́ọ̀kì iwájú fún mọ́tò mi. Ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín oṣù mẹ́ta! Mọ́tò yẹn ń tiro ni. Tí mo bá páàkì ẹ̀ síwájú ilé, ẹ ó rí i pé apá òsì wálẹ̀ ju apá ọ̀tún lọ, bí ẹni tó gbé garawa omi sọ́wọ́ kan. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní, "Àǹtí, ṣọ́ọ̀kì yín ti kú." Mo ra méjì, ó dè é. Mọ́tò ṣì ń tiro. Ó ní èyí tí mo rà kì í ṣe ojúlówó. Mo tún ra méjì mìíràn, owó kámẹ́rà tí mo ti ń tọ́jú bọ̀ ló bá a lọ. Mọ́tò ṣì ń tiro. Mo wá bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í ṣe sípíríǹgì ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Sípíríǹgì kẹ̀? Irin ni. Irin kì í kú."

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Ládípọ̀, ní Mushin. Bàbá yẹn ò tiẹ̀ gbé jáàkì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn táyà, ó fọwọ́ wá ìsàlẹ̀ ibi tí sípíríǹgì jókòó sí, ó sì yọ irin kékeré kan jáde bí ẹni yọ eyín ọmọdé. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ọmọ mi, ta ló ní kó o ra ṣọ́ọ̀kì?"

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe ẹ̀rọ. Torí náà ìbéèrè tí mo gbé délé kì í ṣe ti mẹkáníìkì. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí àwa èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í da nǹkan méjì yìí pọ̀, débi pé tí sípíríǹgì bá ṣẹ̀, ṣọ́ọ̀kì là ń jẹ níyà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: iṣẹ́ méjì ló wà lábẹ́ mọ́tò. Ìkíní, kí nǹkan kan ru mọ́tò, kó máa tẹ̀ tí ẹ bá bọ́ sí kòtò, kó sì máa padà sókè. Ìkejì, kí nǹkan kan dá ìpadàsókè yẹn lẹ́kun, kí mọ́tò má baà máa jó lọ bíi bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sílẹ̀. Sípíríǹgì ló ń ṣe ìkíní. Ṣọ́ọ̀kì ló ń ṣe ìkejì. Àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti dàgbà ju mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Láyé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ilẹ̀ Yúróòpù, okùn awọ ni wọ́n fi ń so àpótí tí èrò ń jókòó sí rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Lọ́dún 1804, ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ Obadiah Elliott gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe lè gbé kẹ̀kẹ́ ka orí sípíríǹgì irin pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n to léra wọn bí ewé, tó tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun. Ẹ ti rí i rí. Òun náà ló wà lábẹ́ lọ́rì àti mólúè. Òun náà sì ni irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa máa ń wá kiri láti fi rọ àdá, torí pé irin gidi ni. (Tí àdá ìyá àgbà yín bá ti pẹ́ tí kò tíì kán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lọ́rì kan ló ti wá.)

Ohun tó jọ mí lójú nípa irin pẹlẹbẹ yẹn nìyí: bí àwọn ewé rẹ̀ ṣe ń fara ha ara wọn, ìhara yẹn náà ń pa ìjó kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ni pé irin kan ṣoṣo ló ń ru ẹrù, òun ló tún ń fọwọ́ rọ́rọ́ dá ẹrù náà dúró. Nítorí ìyẹn, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ ronú pé iṣẹ́ méjì ni.

Mọ́tò dé, eré pọ̀ sí i, ìhara yẹn ò tó mọ́. Síbẹ̀, ẹ wo Ford Model T. Láti 1908 di 1927, wọ́n ṣe ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kò sì sí ṣọ́ọ̀kì kankan lábẹ́ ẹ̀ nígbà tó ń kúrò ní ilé iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Kò sí ṣọ́ọ̀kì, mọ́tò sì dúró dáadáa, kò tiro. Ó kàn ń jó ni! Ẹni tí ìjó bá sú yóò lọ ra ti ẹ̀ lọ́tọ̀. Ará Faransé kan, Truffault, àti ará Amẹ́ríkà kan, Edward Hartford, ti ń ta irú èyí tó ń fi ìhara ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ìgbà tí Model A dé ní ìparí 1927 ni Ford tó fi ṣọ́ọ̀kì elépo sí i láti ilé iṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀kì elépo yìí, ẹ rò ó bí abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì. Epo wà nínú ẹ̀, ihò tí epo ń gbà kọjá sì kéré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tì í kíákíá, ó máa le. Tẹ́ ẹ bá rọra tì í, á lọ. Ẹ dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á, ẹ gbé tuntun kan sílẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Yóò wọlé. Àwọn kan wà tí afẹ́fẹ́ gáàsì wà nínú wọn, ìyẹn á rọra padà sókè, ó tán. Ohun tí ọwọ́ yín lè tẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣé òun ló máa gbé mọ́tò tó lé ní tọ́ọ̀nù kan dúró? Ká ní mo ti ṣe ìdánwò kékeré yìí kí n tó sanwó ni, kámẹ́rà mi á wà lọ́wọ́ mi báyìí.

Ní 1934, General Motors gbé sípíríǹgì tó ká bí ejò sí iwájú àwọn kan nínú mọ́tò wọn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀ ni Maurice Olley, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Rolls-Royce tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ó gba mọ́tò ńlá kan, ó fi àwọn òkúta ìwọ̀n irin sí i tó ṣeé sún síwá sẹ́yìn, ó wá ń kó ènìyàn sínú ẹ̀, ó ń bi wọ́n bí ara ṣe rí fún wọn. Sípíríǹgì oníkíká yìí rọ̀, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ewé tí yóò ha ara wọn. Kò lè dá ara ẹ̀ dúró rárá. Láti ìgbà yẹn ni ṣọ́ọ̀kì ti di dandan.

Ẹni tó wá dè wọ́n pọ̀ ni Earle MacPherson. Chevrolet ló wà nígbà tó ń ṣètò mọ́tò kékeré kan tí wọ́n pè ní Cadet. Wọ́n pa iṣẹ́ yẹn tì ní 1947, ló bá kó ọgbọ́n ẹ̀ lọ sí Ford. Ọgbọ́n náà rọrùn: kí ṣọ́ọ̀kì dúró ní àárín, kí sípíríǹgì yí i ká, kí gbogbo ẹ̀ di ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Kò gba àyè, kò wọ́nwó. Ford Consul ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ó láti 1950. Peugeot gbà á fún 404 ní 1960, wọ́n tún lò ó fún 504 ní 1968, ẹ sì mọ ibi tí 504 dé. Láti 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná, ó di mọ́tò ọ̀gá ìjọba, ó di mọ́tò èrò ọ̀nà jíjìn. Àwọn mẹkáníìkì wa kọ́ "ẹsẹ̀ mọ́tò" lórí rẹ̀. (Ìjàpá Volkswagen àtijọ́, tí wọ́n ń tò ní Èkó ní tiẹ̀, kò ní sípíríǹgì kíká rárá, irin gbọọrọ tó ń lọ́ ló ń rù ú. Ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Èrò tèmi ni pé ibí yìí gan-an ni àdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá tú ẹsẹ̀ MacPherson sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó gbé e dání á pe gbogbo ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀kì. Èyí tó ń ta á á pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ sípíríǹgì bọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ náà sì bọ́ kúrò lọ́kàn wa.

Àmọ́ kí ló ń ṣẹ́ irin tó lágbára tó bẹ́ẹ̀? Kòtò Èkó ni mo rò. Bàbá Ládípọ̀ ní kí n wò ó dáadáa. Ibi tó ti kán ní dúdú ìpẹtà àtijọ́, ìlà tuntun tó ń dán kò ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Ó ní, "Ibí kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń ṣàìsàn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi." Kánádà ni mọ́tò mi ti wá.

Iyọ̀ ni, ẹ̀yin ará. Iyọ̀! Ní àwọn ìlú tí yìnyín ń bọ́ sí, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́. Ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìlànà gbogbo ọ̀nà wọn ní ìgbà òtútù 1941 sí 1942, lẹ́yìn ogun ó tàn káàkiri. Òkúta wẹ́wẹ́ á ṣá ọ̀dà ara sípíríǹgì, omi iyọ̀ á wọ ojú ọgbẹ́ yẹn, ìpẹtà á gbẹ́ ihò kékeré síbẹ̀. Irin tó ń tẹ̀ tó ń nà nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójoojúmọ́, ibi ihò yẹn ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì máa ń jẹ́ jù, torí ibẹ̀ ni iyanrìn àti omi ń gbé sí.

Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ olówó oṣù. A yíjú sí tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó sì wálé la fún un. Láti èbúté Antwerp, láti Amẹ́ríkà, gba Kùtọnu tàbí Àpápá, wọ́n ń kó o bọ̀, ẹ̀yà ara ẹ̀ náà ń bọ̀ tí a fi ń pè é ní "Belgium". A máa ń béèrè báwo ni ẹ́ńjìnnì ṣe rí, ṣé AC ń tutù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọdún mélòó ló fi rìn nínú iyọ̀.

Ó dáa, kí lẹ máa ṣe? Ẹ gbé mọ́tò sí ibi tó tẹ́jú, ẹ kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀, ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba. Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n láti àárín gbùngbùn rìmù dé etí irin tó wà lókè táyà, ní òsì àti ọ̀tún. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, táyà lè tàn yín. Tèmi, òsì fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin kéré sí ọ̀tún. Tó bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo sípíríǹgì láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Tí kò bá kán, ó lè jẹ́ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, tàbí rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ, tàbí apá ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ nínú jàǹbá tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín. Ṣọ́ọ̀kì tó kú ní àmì tiẹ̀: ó máa ń jò, mọ́tò á sì máa jó tẹ́ ẹ bá kọjá gegele.

Méjì-méjì ni wọ́n ń pààrọ̀ sípíríǹgì, òsì àti ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun á ga ju àgbà lọ, ìtiro á kàn yí ẹ̀gbẹ́ padà ni. Ẹ má gbà kí wọ́n ki rọ́bà táyà sáàárín rẹ̀ láti gbé e sókè, ẹ má sì gbà kí wọ́n fi iná yan án, iná ń pa agbára irin yẹn. Tí wọ́n bá tú apá ìsàlẹ̀ tó ní bọ́ọ̀ṣì rọ́bà, kí wọ́n gbé mọ́tò wálẹ̀ kí wọ́n tó fún nọ́ọ̀tì pa, torí tí wọ́n bá fún un nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro, rọ́bà á lọ́, mọ́tò ò ní jókòó dáadáa, bọ́ọ̀ṣì ọ̀hún ò sì ní pẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ fún sípíríǹgì pọ̀ láti yọ ọ́, irinṣẹ́ gidi ni kí wọ́n lò, kẹ́yin sì yẹra. Agbára tó wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn lè pa ènìyàn. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ lọ tún àláínmẹ́ǹtì ṣe.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì ló di sípíríǹgì tó kán mú lọ́wọ́ ara ẹ̀, tó sì dá a padà sínú. Mi ò rò pé olè ni. Irin kì í kú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Bàbá Ládípọ̀ wọn mọ́tò mi lẹ́yìn tó parí. Òsì 39, ọ̀tún 39. Ṣọ́ọ̀kì méjì tí mo kọ́kọ́ rà, tí kò ṣe nǹkan kan, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, DM mi ṣí sílẹ̀ o.