Lọ Sílẹ̀, Bọ̀ Lókè: Ìtàn Ọwọ́ Tó Ń Ta Gìtá Jùjú

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ ní gìtá ní Ṣómólú máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo lè ṣe kí ọwọ́ ọ̀tún mi yá?" Wọ́n ti wo àwọn onígìtá ilẹ̀ òkèèrè lórí fóònù. Wọ́n ti rí bí píìkì, ike kékeré tí wọ́n fi ń ta gìtá, ṣe ń lọ sílẹ̀ tó ń bọ̀ lókè lórí okùn láìsinmi, wọ́n sì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn yẹn ni ọgbọ́n náà ti ṣẹ̀. Mo ń kọ́ wọn ní títa-lọ-títa-bọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ ìtàn tiwa pẹ̀lú. Kì í ṣe agbára ló ń mú ọwọ́ yá. Pínpín iṣẹ́ ni, àwọn onígìtá Èkó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ọ̀pọ̀ nínú wa.

Etí òkun ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Kúrù, ọmọ etíkun Làìbéríà, ni àwọn ọkọ̀ òyìnbó máa ń gbà síṣẹ́ ní èbúté kan dé èkejì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Freetown títí dé Èkó. Gìtá kò ṣòro gbé wọ inú ọkọ̀, àwọn atukọ̀ yìí sì ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń gbà ta á. Ìka méjì ni wọ́n ń lò. Àtàǹpàkò ń ta okùn tó ń dún wúwo, ìka ìfábẹ̀lá ń já èyí tó ń dún tín-ín-rín. Bí ọ̀kan bá ti ta tán, èkejì á gbà á. Krusbass ni wọ́n ń pe títa yìí ní Èkó. Gánà náà kọ́ ọ: ọ̀dọ̀ atukọ̀ Kúrù ni Kwame Asare ti kọ́ gìtá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Kumasi Trio ló sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1928 láti gba ohùn wọn sínú àwo.

Ẹ wo bí ìka méjì yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó ń ta ẹ̀ẹ̀mejì léra. Nígbà tí àtàǹpàkò bá ń dún, ìka ìfábẹ̀lá ti ń múra sílẹ̀ lórí okùn tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka méjì ṣe ń mú gìtá yá. Ohun tí píìkì ń ṣe kò yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó bá ń ta sísàlẹ̀ nìkan, òfìfo ni ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè bọ̀ ní gbogbo ìgbà, ìdajì ìrìn ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń ṣòfò. Ẹni tó bá ń ta lọ tó ń ta bọ̀ ti sọ ìpadàbọ̀ yẹn di ohùn.

Ní àwọn ọdún 1930, ọmọ àdúgbò Olówógbowó kan ní Èkó, Túndé King, tí wọ́n bí ní 1910, fi ọgbọ́n yìí gbé orin tuntun kalẹ̀ tí a mọ̀ sí jùjú. Gìtá-báńjò olókùn mẹ́fà ló ń ta, ó sì ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Awọ ni wọ́n fi bo ojú báńjò, ohùn rẹ̀ mú ju ti gìtá onígi lọ, ó sì lè là láàárín ariwo àríyá nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ohùn báńjò kì í pẹ́ lórí okùn. Ó ń dún, ó sì ń kú kíákíá. Nítorí náà, ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ máa ta léraléra kí orin má baà ní ihò. Ìlù jùjú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1936 ni ilé iṣẹ́ Parlophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, mẹ́tírónómù tí Johann Maelzel gba ìwé-ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1815 ló ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń sáré tàbí ó ń falẹ̀. Oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún Túndé King, ẹlẹ́ran ara tó lè bá a rìn, tó sì lè bá a wí.

Ìyípadà ńlá dé ní òpin àwọn ọdún 1940. Ní 1949, olórin jùjú kan, Àyìndé Bákàrè, bẹ̀rẹ̀ sí í so makirofóònù mọ́ gìtá rẹ̀. Àkókò yẹn náà ni gángan ráyè wọ inú jùjú. Tẹ́lẹ̀, ohùn gángan ì bá bo okùn àti orin mọ́lẹ̀. Nígbà tí iná wá gbé ohùn gìtá sókè, àwọn onílù lè pọ̀ sí i. Bí ìlù ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gìtá ń pọ̀. I.K. Dáìró àti àwọn Blue Spots rẹ̀ gbé gìtá iná àti gángan dé ibi gíga tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní 1963. Ebenezer Obey kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Fàtáì Rolling Dollar kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Nígbà tí King Sunny Adé fi máa gbé àwo *Juju Music* jáde ní 1982, ọ̀pọ̀ gìtá ló ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, gìtá onírin tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta sì wà lára wọn.

Ibí yìí ni mo ti máa ń ní kí àwọn ọmọ dúró tẹ́tí. Orin náà ń yá létí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ gìtá kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ló ń sọ, tó ń tún un sọ. Gìtá kejì ń dá a lóhùn nínú àlàfo tó fi sílẹ̀. Ìyára yẹn kì í ṣe ti ẹnì kan. Ohun tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ń ṣe lọ́wọ́ atukọ̀ Kúrù ni odidi ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta wá ń ṣe báyìí. Ẹni tó bá tètè ta tirẹ̀, tàbí tó pẹ́ díẹ̀, ti tẹ ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìpéye fi ṣáájú ìyára nínú jùjú.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan píìkì títí ìka méjì mi fi dọ́gba. Nígbà tí wọ́n wá fún mi, wọ́n ní kí n di ṣóńṣó rẹ̀ mú kó kù díẹ̀ níta, kí n jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ ṣiṣẹ́, kí n má sì jẹ́ kó jìnnà sí okùn lẹ́yìn tó bá ti ta á. Wọ́n wá kọ́ mi ní ohun kan tí mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ kì í fiyè sí. Bí a bá ń fi ẹsẹ̀ ka ìlù, tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì pín sí méjì, sísàlẹ̀ ni yóò máa bọ́ sórí ìgbésẹ̀ nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlù wa ń pín ìgbésẹ̀ sí mẹ́ta. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ á jẹ́ sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀. Èkejì á wá bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí sókè rẹ bá rọ, gbogbo ìgbésẹ̀ kejì ni yóò máa tiro, oníjó á sì mọ̀ kí ìwọ tó mọ̀. Ọ̀gá mi á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí n ta mẹ́ta-mẹ́ta, nígbà tí wọ́n ń fi àtẹ́wọ́ lu kónkóló, ìró tó ń di ìwọ̀n ìlù mú, fún mi, títí tí wọn ò fi ní lè fi etí mọ èyí tó lọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó bọ̀ lókè.

Nítorí náà, mi ò gbà kí ọmọ kankan dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ró kọ́-kọ́-kọ́ títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi máa yá. Kí ènìyàn mẹ́ta jókòó pọ̀. Kí ọ̀kan mú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí èkejì ta ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, kí ẹ̀kẹta fi píìkì dá a lóhùn nínú àlàfo. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi máa mọ́, kí wọ́n má sì fi kún un àfi bí lílọ àti bíbọ̀ bá ti dọ́gba. Bí wọ́n ṣe rí ìyára ní Èkó nìyẹn: wọn kò dá a wá, wọ́n pín in ni.