Sẹ́ẹ̀lì Tó Fi Ilé Sílẹ̀

Nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe ìyá bàbá mi, mo gbọ́ tí dókítà sọ pé àrùn náà ti rìn dé ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn kan nínú ẹbí ní orogún màmá ló ran án sí i. Láti ìgbà tí màmá ti kú, a kì í kí Màmá Kékeré mọ́. Èmi ń bi ara mi pé: báwo ni ohun tí kò lẹ́sẹ̀ ṣe ń rìn?

Inú ẹyin adìyẹ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1868, Wilhelm His, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, rí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́yìn ọmọ adìyẹ tí kò tíì pé. Àwọn tó tẹ̀lé e rí i pé sẹ́ẹ̀lì inú ọ̀já náà máa ń ṣí kúrò níbẹ̀, tí wọ́n á lọ di iṣan ìmọ̀lára àti egungun ojú.

Ní 1982, Gary Greenburg àti Elizabeth Hay ní Harvard Medical School mú awọ tó bo lẹ́ńsì inú ẹyinjú ẹyẹ, wọ́n fi í sínú èròjà collagen tó dì bí ẹ̀kọ tútù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó so mọ́ra bíi búlọ́ọ̀kù ara ògiri tú ká, wọ́n gùn gbọọrọ, wọ́n sì ń rìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ló so wọ́n pọ̀ tẹ́lẹ̀? Masatoshi Takeichi ní Japan ló ṣàwárí purotéènì tí wọ́n ń pè ní cadherin, tó ń di sẹ́ẹ̀lì mọ́ ara wọn. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì ní Spain fi hàn pé purotéènì mìíràn, Snail, ló ń pa jíìnì E-cadherin lẹ́nu mọ́. Ìgbín ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Ìgbín tiwa kì í fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ èyí ń tú sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ kúrò nílé. Bí ìdè bá ti já, sẹ́ẹ̀lì á tún okùn inú rẹ̀ tò, á na apá kan síwájú, á sì wọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ọgbọ́n tó mọ ojú wa nínú oyún ni àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan ń tún lò láti rìn. Kò sí ọwọ́ orogún níbẹ̀.

Mo ka àròkọ yìí fún bàbá mi. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Lọ wọ bàtà rẹ, ká lọ kí Màmá Kékeré.”