Ta Ló Ni Igbó Conservation?

Ẹni tó bá ti wọ dáńfó láti Obáléndé lọ sí Ajah rí yóò mọ orin àwọn kọ̀ńdọ́: Jakande! Agungi! Chevron! Ikota! VGC! Ajah! Ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé epo. Àfi ibì kan ṣoṣo. Ní òdìkejì títì sí ọ́fíìsì Chevron, ilé dáwọ́ dúró, igbó bẹ̀rẹ̀. Igbó gidi ni o, igbó tó ní àbàtà àti ògùrọ̀, tó ní ọ̀nì, ìgalà, òkété, àti ọ̀bọ tí kì í bẹ̀rù èèyàn. Hẹ́kítà 78 ni, ó ju pápá bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún lọ. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Lekki Conservation Centre, ṣùgbọ́n ta ló ráyè gbogbo ìyẹn? “Conservation” là ń pè é.

Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́, nítorí náà orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ fà mí. Àwọn baba wa ò fi orúkọ igbó ṣeré. Igbó ọba wà, igbó Orò wà, igbó Ọ̀ṣun wà, igbó ọdẹ wà. Bí o bá ti gbọ́ orúkọ, o ti mọ ẹni tí wàá tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó wọlé. Conservation ńkọ́? Ta ló ni ín? Ta ló ń pàṣẹ níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ bá ìtàn yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ò mọ sí ọ̀bọ àti igi. Àwa tí à ń gbé ní Ajah, tí à ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi lọ́dọọdún bí òjò bá dé, ọ̀rọ̀ wa wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ̀yìnwá. Ìdáàbòbò igbó kì í ṣe àlejò nílẹ̀ Yorùbá. Igbó tí a bá fi fún òrìṣà, èèwọ̀ ni a fi ń ṣọ́ ọ. A kì í gé igi ibẹ̀, a kì í dẹ ọdẹ ibẹ̀, a kì í pa ẹja inú odò rẹ̀. Àwòrò ló ń bójú tó o, ọba ló wà lẹ́yìn àwòrò, gbogbo ìlú ló wà lẹ́yìn ọba. Ẹni tó bá rú òfin, ó mọ ẹni tí yóò dá a lẹ́jọ́. Kò sí ọgbà wáyà, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ ibi tí ààlà wà.

Òyìnbó dé pẹ̀lú ìlànà tirẹ̀. Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Igi gẹdú ni ojú wọn wà, kì í ṣe òrìṣà. Láti ìgbà náà ni igbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ti ìjọba: ẹni tó bá gé igi láìgbàṣẹ, kóòtù ló ń lọ. Lápá Ọ̀yọ́ Ilé náà, wọ́n ya igbó Upper Ogun sọ́tọ̀ ní 1936, wọ́n ya ti Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ ní 1941. Ahoro ìlú Aláàfin àtijọ́ di ilẹ̀ tí ẹ̀ṣọ́ igbó ń ṣọ́. Nígbà tó di 1991, òfin ìjọba ológun, Decree 36, sọ ibẹ̀ di Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Ní 1999, Decree 46 to gbogbo irú àwọn páàkì bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àjọ kan, National Park Service. Ìjọba àpapọ̀ ló ń sanwó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́, òfin ló fún wọn lágbára láti mú ẹni tó bá wọlé láti pa ẹran tàbí láti gé igi. Owó àwọn tó wá ṣe ìrìn-àjò afẹ́ wúlò lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí àlejò kankan ò bá wá lọ́dún kan, páàkì ò ní torí ẹ̀ tú ká.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nìyí: Conservation ti Lekki kò sí lára àwọn páàkì yẹn rárá. National Park Service kọ́ ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló gbà dé.

Kí títì tó dé, apẹja àti àgbẹ̀ ló ń gbé ilẹ̀ Lekki, láàrin ọ̀sà àti òkun. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀nà wọn. Ohun méjì ló yí ilẹ̀ náà padà. Èkíní ni òfin ilẹ̀ ti 1978, tó fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Èkejì ni títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ṣe láyé ìjọba Lateef Jakande, ẹni tó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983. Òfin ní ilẹ̀ wà lọ́wọ́ gómìnà, títì sì sọ ilẹ̀ àbàtà di wúrà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Láàrin àkókò yẹn náà, ní 1980, ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan, Olóyè Shafi Lawal Edu, oníṣòwò ńlá, dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀. Ẹgbẹ́ aládàáni ni, kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba. Ẹ wò ó, kò yà mí lẹ́nu pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ló ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ etí ọ̀sà tó rí bí títì ṣe ń bọ̀ láti Èkó yóò ti mọ ohun tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ilẹ̀ sílẹ̀, Chevron, ilé iṣẹ́ epo rọ̀bì, fi owó kọ́ ibẹ̀, ẹgbẹ́ Olóyè Edu sì ń bójú tó o. Ní 1990 ni Lekki Conservation Centre dúró. Olóyè Edu kú ní 2002. Títí dòní, ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ ló ń ṣàkóso ibẹ̀.

Ọwọ́ mẹ́ta ló gbé igbó náà ró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé: ilẹ̀ ìjọba, owó ilé iṣẹ́ epo, iṣẹ́ ẹgbẹ́ aládàáni.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọdún 1990 yẹn, torí ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù kéje, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki fi katapílà wó Maroko, ní orí ilẹ̀ Lekki yìí kan náà. Nǹkan bí 300,000 èèyàn ló pàdánù ilé. Ìjọba ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, pé omi lè bò ó. Àwọn díẹ̀ rí ilé gbà ní Ilasan, Ikota àti Ẹ̀pẹ́, àwọn tó pọ̀ jù ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da yanrìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n ní omi fẹ́ bò, ni ilé àwọn olówó bá hù níbẹ̀. N ò sọ pé torí Conservation ni wọ́n ṣe lé Maroko o. Ilẹ̀ wọn ò pa pọ̀, ọ̀ràn wọn ò sì jọra. Ṣùgbọ́n àṣẹ kan náà ló wà lẹ́yìn méjèèjì: gómìnà ló ni ilẹ̀. Àṣẹ tó ní kí ọ̀bọ máa gbé níhìn-ín ló ní kí èèyàn kó lọ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ yin igbó yẹn, kó rántí pé ohun tí gómìnà kan fi sílẹ̀, gómìnà mìíràn lè nawọ́ mú un. Ṣebí Yankari wà lára àwọn páàkì ìjọba àpapọ̀ ti 1991? Nígbà tó di 2006, wọ́n dá a padà fún Ìpínlẹ̀ Bauchi. Bí òfin ìjọba àpapọ̀ bá lè yí báyìí, àdéhùn ẹni mẹ́ta ńkọ́?

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́? Mo gbóríyìn fún wọn níbi yìí, torí ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àlejò kì í rìn bó ṣe wù ú. Ọ̀nà pákó ni wọ́n tẹ́ sórí àbàtà, orí rẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn ń wà, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ò sì gbó. Bí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá wọlé, ojú kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Ní 2015, wọ́n ṣí afárá tí wọ́n so mọ́ òkè igi, mítà 401, èyí tí wọ́n ń pè ní èyí tó gùn jù lọ ní Áfíríkà. Ó ń mì lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́ bí o ṣe ń rìn, àwọn kan a sì máa pe orúkọ Jésù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọjọ́ Iléyá àti Kérésì, èrò bí omi. Kí ni wọ́n ń tà? Tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ni tíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe? Òun ló ń ran owó oṣù, àtúnṣe pákó àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lọ́wọ́. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, a kì í bá ara wa jiyàn lórí ìyẹn. Ìrìn-àjò afẹ́ tó ń bọ́ igbó tó gbà á lálejò, ohun tó dára ni.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ jẹ́ ká fi igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wé e. Hẹ́kítà 75 ni igbó Ọ̀ṣun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tiwa dọ́gba. Lóòótọ́, èèwọ̀ nìkan ò gbà á là. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, àwòrò ń dínkù, ojúbọ ń wó, ìjọba gan-an ti gbin igi tíìkì sí apá kan rẹ̀. Susanne Wenger, òyìnbó ọmọ Ọ́síríà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú Òṣogbo ló dìde pẹ̀lú àwọn olórìṣà. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005. Ẹ kíyè sí i: òfin wà, owó àlejò wà, ṣùgbọ́n Àtáọ́jà wà níbẹ̀, olórìṣà wà níbẹ̀, ìlú wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé sínú igbó Ọ̀ṣun lọ́la, ìlú yóò pariwo kí ìwé ẹjọ́ tó dé kóòtù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé sínú Conservation, ta ni yóò pariwo? Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì?

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ omi. Igbó àbàtà ni Conservation, omi ló dá a. Omi yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà, kì í sì í parí síbẹ̀. Àárín ọ̀sà àti òkun ló ń gbà, láti abẹ́ ilẹ̀ gbogbo wa. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ. Láti ìgbà tí títì ti dé ni wọ́n ti ń fa yanrìn láti inú ọ̀sà, tí wọ́n ń fi dí àbàtà láti Lekki dé Ajah, tí wọ́n ń kọ́ ẹ̀sìtéètì lé e. Ibi tí omi ń sùn tẹ́lẹ̀ ti di pálọ̀ èèyàn. Níbo lomi ó wá lọ? Ojú títì wa ni. Ilé wa ni. Ẹgbẹ́ aládàáni tó ń ṣọ́ Conservation ò ní agbára kankan lórí ìyẹn. Wọ́n lè lé ẹni tó fẹ́ pa ọ̀bọ, wọn ò lè lé ẹni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti dí àbàtà tó wà lẹ́yìn ọgbà. Agbára wọn dé ibi ọgbà, ó dúró.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ lókè pé ọ̀rọ̀ wa wà níbẹ̀. Hẹ́kítà 78 yẹn fi bí gbogbo àdúgbò wa ṣe rí hàn wá, kí a tó dí i. Ibẹ̀ ni òjò ṣì ń rọ̀, tí ilẹ̀ ń mu ún, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́n omi. Tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bá fẹ́ dáàbò bo igbó náà lóòótọ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìta: kó fi òfin ṣọ́ àbàtà tó kù yí i ká bí ó ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn. Kí àwọn tó ń ṣàkóso sì wá àyè fún àwọn ará àdúgbò níbi tí wọ́n bá ti ń gbèrò, láti Ikota dé Ajah, apẹja, onílẹ̀ àti ayálégbé. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ta ló wá ni igbó Conservation? Nínú ìwé, ìjọba ló nilẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀, ilé iṣẹ́ epo ló náwó sí i. Ìtàn fi yé mi pé igbó tí kò bá ní ìlú lẹ́yìn, ojú àánú ẹni tó wà lórí àga ló fi ń wà láàyè. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ lọ wò ó. Ẹ gun afárá, ẹ ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń mú yín káàkiri bá ti fi ọ̀bọ àti ọ̀nì hàn yín tán, ẹ bi í léèrè ibi tí omi ń gbà wọlé, kí ẹ sì bi í bóyá ọ̀nà náà ṣì ṣí.