Ọ̀ràn Tó Ju Ẹkún Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò fẹ́ kí á máa fi ìpọ́njú ọmọnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sọ pé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò mọ ohun tó ń dùn ún. Ohun tó ń sọ ni pé ẹkún ní ìwọ̀n, àti pé nígbà tí omi ojú bá ti gbẹ, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ lórí ọ̀fọ̀, tí ẹni tó yẹ kó gbà wá sílẹ̀ bá tún wà lára àwọn tó ń jà wá lólè, ẹ̀rín nìkan ló kù tí ẹnu lè ṣe. Kí á kíyè sí bí òwe náà ṣe tò: ẹkún ló ṣíwájú, ẹ̀rín ló tẹ̀ lé e. Orí ètò yìí ni mo fẹ́ dúró sí láti dá sí àríyànjiyàn tí àwọn òǹwòran máa ń ṣe lórí irú fíìmù tó bá da ìfẹ́, ìwà ọ̀daràn àti àwàdà pọ̀ mọ́ra wọn, tí kò sì sí owó púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti rí ilẹ̀ jókòó sí dáadáa ni Ojú Ẹlẹ́gbà ní ìlú Èkó, orítá tí Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣín ti ń pàdé, tí ó gba orúkọ lára ojúbọ Èṣù Láàlú, Ẹlẹ́gbára onílé orítá, ẹni tí í mú kí èèyàn méjì tí kò mọra rí forí gbárí lójijì. Ní ọdún 1975, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ibẹ̀ ní ọ̀nà mọ́tò Agége, gbé orin kan jáde tí ó pè ní Confusion, ó sì fi orítá yìí ṣe àpẹẹrẹ ìdàrúdàpọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè: ọkọ̀ ń ti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rọ́ wá, kò sì sí ọlọ́pàá láàárín tí yóò sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá. Nínú orin yìí ni Kenneth Gyang, tó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ìlú Jos, ti mú orúkọ fíìmù rẹ̀, Confusion Na Wa, tí wọ́n yà ní Kàdúná, tí ó sì gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ níbi ayẹyẹ Africa Movie Academy Awards ti ọdún 2013. Báyìí ni orítá Èkó ṣe bí ọmọ sí Òkè Ọya.

Nínú fíìmù náà, fóònù kan ló fa gbogbo wàhálà. Charles àti Chichi, ọ̀dọ́ méjì tí ń fi ọgbọ́n àyínìke jẹun, rí fóònù ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Emeka he. Wọ́n tú inú rẹ̀ wò, wọ́n bá ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí òun àti Isabella, ìyàwó Bello, ń kọ ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí halẹ̀ mọ́ Emeka pé kí ó sanwó kí àṣírí má baà tú. Láàárín ọjọ́ kan péré, ọ̀ràn di iṣu ata yán-an-yàn-an. Kò sí ẹni tó gbìmọ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Oníkálùkù ń sáré ti ara rẹ̀ ni, bí àwọn ọkọ̀ inú orin Fẹlá, títí wọ́n fi kọlu ara wọn.

Nígbà tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bá parí, òǹwòran kì í fohùn ṣọ̀kan. Apá kan á ní àwọn kò rí ẹni rere kan ṣoṣo tí àwọn lè gbè lẹ́yìn: olè ń ja alágbèrè lólè, wọ́n wá ní kí á máa rẹ́rìn-ín. N kò fi ojú kékeré wo ẹ̀sùn yìí rárá, nítorí ẹ̀rín tí kò ní ẹkún nídìí, ìkà ni. Ṣùgbọ́n mo rọ àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tún fi ojú inú wo Bello, tí òṣèré Ali Nuhu ṣe, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fìyà jẹ níbi iṣẹ́ nítorí ìwà títọ́ rẹ̀, nígbà tí aya rẹ̀ ń yọ́ jáde lọ bá ọkùnrin mìíràn. Ẹni rere nìyẹn. Òun gan-an ni ẹkún inú fíìmù náà. Bí èèyàn bá rẹ́rìn-ín rẹ̀, tí ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu onítọ̀hún, fíìmù ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi kì bá fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kí ó dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn mìíràn á ní àṣà Amẹ́ríkà ni, pé láti ìgbà tí Quentin Tarantino ti ṣe Pulp Fiction ní ọdún 1994 ni gbogbo ayé ti ń fi ọ̀daràn ṣàwàdà. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń lọ́ ìtàn pọ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Kétu, kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán dé, Ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ń bo ojú, ti ń jáde lóru ọjọ́ tó ṣíwájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ń dúró lójú ọjà, ó ń fi olè àti alágbèrè kọrin, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì bá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ náà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sálà, aláwàdà alágogo ọrùn gbàgàdà, ṣe nínú Ọ̀run Móoru, fíìmù ọdún 1982 tí Ọlá Balógun darí: gbájú-ẹ̀ sọ oníṣòwò kan di òtòṣì, ìbànújẹ́ mú un débi pé ó fẹ́ para rẹ̀, ó dé ọ̀run, wọ́n ní ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, wọ́n dá a padà sí ayé tó ti sá kúrò. Jìbìtì, òṣì àti ikú ló wà nínú rẹ̀, àwọn baba àti ìyá wa sì rẹ́rìn-ín títí ìfun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Ó ku àwọn tó ń ráhùn pé àwòrán irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣókùnkùn, pé ohùn kò já gaara, pé ó hàn gbangba pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí wọ́n rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó náwó. Owó báńkì ni Baba Sálà yá láti fi ṣe Ọ̀run Móoru. Àwọn olè dà á sórí fídíò, wọ́n ń tà á kiri ìgboro, gbogbo ilé ń wò ó, kọ́bọ̀ kò sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọkùnrin tó fi ìtàn gbájú-ẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín ni àwọn gbájú-ẹ̀ sọ di ajigbèsè. Síbẹ̀ ó padà sórí ìtàgé, ó tún so aago ńlá rẹ̀ mọ́ ọrùn, àwọn èèyàn sì ń fi orúkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi papò dà ní ọdún 2018.