Lẹ́fúténáǹtì Tó Jókòó Níwájú

Sátidé ni ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ọdún 2012. Èrò wọ́ lọ sí Okoroba, ní ìjọba ìbílẹ̀ Nembe, ìpínlẹ̀ Bayelsa, nítorí òkú bàbá Oronto Douglas tí wọ́n fẹ́ sin. Oronto yìí ni lọ́yà tó wà lára àwọn tó gbèjà Ken Saro-Wiwa. Nígbà tí à ń wí yìí, ó ti di olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún Ààrẹ Goodluck Jonathan. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń sin bàbá rẹ̀, ta ni kò ní í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbẹ̀?

Ará Ìlàjẹ, létíkun ìpínlẹ̀ Òǹdó, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ilẹ̀ olómi tí Okoroba jẹ́. Òun náà mọ̀ pé títì a máa parí sí èbúté. Ní Ìgbókòdá, ẹni tó ń lọ síbi òkú ní Ayétòrò á ká ṣòkòtò sókè, á fi ọ̀rá bo fìlà tàbí gèlè, á di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì mú gírígírí, omi á sì ti ta sí i lára kó tó débẹ̀. A kì í fi irú ìyẹn gbé gómìnà. Hẹlikópítà ni wọ́n fi ń gbé àwọn ẹni ńlá lọ́jọ́ náà, ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi sì wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan Lẹ́fúténáǹtì Adéyẹmí Ṣówọlé, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wọn, nìyẹn.

Ọ̀sán pọ́n. Lára àwọn tó wá kẹ́dùn ni Patrick Yakowa, gómìnà Kàdúná, ẹni ọdún 64, Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò náà. Ọ̀gágun Andrew Owoye Azazi náà wà níbẹ̀, ọmọ Bayelsa, ẹni tó ti jẹ olórí gbogbo ọmọ ogun Nàìjíríà rí. Kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tí Ààrẹ yọ Azazi kúrò nípò olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò. Port Harcourt ni wọ́n ń lọ látibẹ̀.

Agusta 109 ni hẹlikópítà náà, ẹlẹ́ńjìnnì méjì, tí wọ́n ṣe ní Ítálì. Kò tóbi. Àwọn awakọ̀ méjì á jókòó níwájú, èèyàn bíi mẹ́fà ló kù tó lè gbà lẹ́yìn. Kọmáńdà Murtala Mohammed Daba ni ọ̀gá awakọ̀, Ṣówọlé sì ni igbákejì rẹ̀. Nínú iṣẹ́ ogun ojú omi, ipò méjì ni Daba fi ju Ṣówọlé lọ. Lẹ́fúténáǹtì ti ojú omi bá káfúténì ti sójà orí ilẹ̀ dọ́gba. Ọ̀dọ́ ọ̀gá ni Ṣówọlé. Bí àwọn èèyàn ńlá bá ń bọ ara wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń dágbére, ìdí ìwé àyẹ̀wò ni a sábà máa ń bá igbákejì awakọ̀. Yóò máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá á máa dáhùn: epo, ẹ́ńjìnnì, iná, ìwúwo èrò.

   

Aago mẹ́ta ọ̀sán lọ díẹ̀. Èèyàn mẹ́rin wọ ẹ̀yìn: gómìnà, ọ̀gágun, àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, Dauda Tsoho àti Mohammed Kamal. Hẹlikópítà gbéra. Kò jìnnà tó fi já bọ́ sínú igbó lágbègbè Okoroba kan náà, tó sì gbiná. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kú.

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tán tí ìròyìn fi gba ìlú kan. Kàdúná gbọ́, Àbújá gbọ́. Gómìnà kú, Azazi kú, “àti àwọn awakọ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ṣe gbọ́ ọ. Orúkọ Ṣówọlé ń gbẹ̀yìn, tàbí kó má sí níbẹ̀ rárá. N kò bá oníròyìn jà, gómìnà ni gómìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa pè ní “àti.”

Alẹ́ lẹ́. Ààrẹ kẹ́dùn, ó sì pàṣẹ ìwádìí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: kí ni hẹlikópítà ogun ń wá níbi òkú? Ìbéèrè náà tọ́, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣì máa béèrè rẹ̀. Àmọ́ lẹ́fúténáǹtì kọ́ ni ẹ ó bi. Nínú iṣẹ́ ogun, ẹni tí wọ́n bá ní kó gbé ni yóò gbé. Àlejò òkú ni o, ọmọ ogun ni o, àṣẹ kan náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, wọ́n búra fún Mukhtar Ramalan Yero, igbákejì Yakowa, gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Kàdúná. Òfin ti sọ ẹni tó kàn. Ní ti ìjókòó awakọ̀, iléeṣẹ́ ọmọ ogun a máa yan ẹlòmíràn síbẹ̀. Àwọn tó jẹ́ lẹ́fúténáǹtì pẹ̀lú Ṣówọlé lọ́dún náà, bí ìgbéga bá ti ń lọ létòlétò, ó yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di kọmáńdà báyìí, ipò tí Daba wà lọ́jọ́ tí wọ́n jọ gbéra ní Okoroba.